Inú Omi Kan Náà

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan bi mí ní ìbéèrè ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ tí mo máa ń ṣe fún àwọn ọmọ SS2 ní apá Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo níbí, ìbéèrè yẹn ò sì jẹ́ kí n gbádùn títí dòní. Físíìsì là ń ṣe lọ́jọ́ náà. Mo ti fa ìlà ìgbì sójú pátákó, ó lọ sókè ó lọ sísàlẹ̀, ó lọ sókè ó lọ sísàlẹ̀, mo sì ń ṣàlàyé bí ìgbì ṣe ń gbé agbára láti ibì kan dé ibòmíràn. Ọmọ yìí nawọ́. Ọmọ tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ni o. Ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, tí ìgbì bá ń wá sí etí omi, tí òmíràn ń tẹ̀lé e, tí òmíràn tún ń tẹ̀lé ìyẹn, láti àárọ̀ dalẹ́, kí ló dé tí omi àárín ò tán?"

Mo ní omi yẹn máa ń gba abẹ́ padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́, wéré, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, mo nu pátákó, mo bọ́ sórí nǹkan mìíràn. Ọmọ náà jókòó, ṣùgbọ́n mo rí i lójú ẹ̀ pé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sì tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn. Mo gun ọ̀kadà lọ sílé, mo jẹun, mi ò mọ ohun tí mo jẹ.

Nígbà tí èmi náà wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ó ti lé lógún ọdún báyìí, tíṣà wa kọ gbólóhùn kan sójú pátákó, ó ní ká há a sórí torí pé ó máa ń jáde nínú ìdánwò. Mo há a. Ohun tí gbólóhùn yẹn ń sọ ni pé ìgbì ń gba inú nǹkan kọjá, ó ń gbé agbára láti ibì kan dé ibòmíràn, ṣùgbọ́n kì í gbé nǹkan tó gbà kọjá yẹn lọ. Mo kọ ọ́ nínú ìdánwò, wọ́n fún mi ní máàkì. Ìgbà tí mo dùbúlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ọmọ yẹn bi mí ní ìbéèrè ni mo tó rí i pé ìdáhùn ẹ̀ ti wà lẹ́nu mi látọjọ́ yìí: omi àárín ò tán torí pé omi àárín ò lọ síbì kankan. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni tó ń ka àdúrà ní èdè tí ò gbọ́. Ó dùn mí gan-an, torí mo mọ iye ọmọ tí mo ti kọ́ ní nǹkan kan náà lọ́nà kan náà.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé. Mo gbé báàfù ńlá tí ìyàwó mi fi ń fọṣọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fa omi sí i títí ó fi kù díẹ̀ kó kún, mo dúró kí omi yẹn fara balẹ̀ pátápátá. Mo já ewé máńgòrò gbígbẹ sí wẹ́wẹ́, mo fi ẹyọ kan lé ojú omi. Mo wá ju òkúta kékeré kan sí òdìkejì. Òbìrìkìtì kan jáde láti ibi tí òkúta wọlé sí, ó ń fẹ̀, ó ń fẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ ewé, ewé gbéra sókè, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gbéra, ó tún sọ̀kalẹ̀, òbìrìkìtì ní tiẹ̀ ti kọjá lọ, ó ti lọ forí sọ etí báàfù, ó tún ń padà bọ̀, ewé ṣì wà níbi tó wà. Mo tún ju òmíràn. Mo tún jù ú. Ewé yẹn kàn ń ṣe bí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń gbé fò lórí itan, ó ń lọ sókè ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, itan ìyá ẹ̀ náà ló ṣì wà. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ó ń wò mí, nígbà tó yá òun náà wá bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù, ó wò ó títí, ó ní, "Ewé yìí ò mà kúrò o."

Kò kúrò lóòótọ́. Tó o bá tẹjú mọ́ ọn dáadáa, wàá rí i pé kì í kàn ń lọ sókè sódò lásán, nígbà tí orí ìgbì bá dé á sún síwájú díẹ̀, nígbà tí kòtò tó tẹ̀lé e bá dé á sún padà, ó ń yí po lójú kan bí orógùn nínú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo omi tó wà níbẹ̀ ń ṣe, ìkọ̀ọ̀kan wọn ń yí po ní àyè tiẹ̀, ó ń ti ẹnìkejì, ẹnìkejì ń ti ẹnìkẹta. Níbi tí omi ti jìn dáadáa, bó o bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni yíyípo yẹn ń kéré sí i, tó o bá fi máa wọlẹ̀ tó ìdajì àlàfo tó wà láàárín orí ìgbì kan sí èkejì, omi ibẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ lókè.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni àwọn lébìrà níbi tí wọ́n ti ń da dẹ́kìn. Ẹ ti rí wọn rí. Wọ́n á tò láti ilẹ̀ dé orí pákó lókè, ẹni ìsàlẹ̀ á gbé páànù kọnkéré lé ẹni tó tẹ̀lé e lọ́wọ́, ìyẹn á gbé e lé ẹni òkè lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó kúrò lójú ẹsẹ̀ ẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n kọnkéré ti dé òkè. Àwọn lébìrà ni omi, ohun tó wà nínú páànù ni agbára. Kì í sì í ṣe agbára tó ti ojú ọ̀run já o, apá mi ló ti wá, nígbà tí mo gbé òkúta sókè ni mo ti fi síbẹ̀, òkúta gbé e fún omi, omi ń gbé e fún omi. Tí mo bá ju òkúta tó tóbi, ìgbì á ga, tí ìgbì bá sì ga ní ìlọ́po méjì, agbára tó gbé ti di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn ló fà á tí ìgbì òkun tó ga díẹ̀ ju tàná lọ fi máa ń ṣe ọṣẹ́ tó pọ̀ gidi ju tàná lọ.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń jìyà pẹ̀lú báàfù nígbà tí odò wà nílùú. Ọmọ Òṣogbo ò ní bi mí bẹ́ẹ̀. A kì í ju òkúta sí Ọ̀ṣun. Ẹja inú ẹ̀ gan-an, ní gbogbo ibi tó ti gba inú igbó yẹn kọjá, a kì í pa á.

Ṣùgbọ́n odò yẹn náà ló ti fi irú ìgbì kejì hàn mí nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá, mi ò kàn mọ̀ pé òun ni. Oṣù kẹjọ ni, ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun gan-an, Arugbá ti gbé igbá dé, èrò ti kún igbó yẹn bámúbámú, kálukú pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àti ike lọ́wọ́, gbogbo èèyàn fẹ́ bu omi. Mo dúró sórí gbòǹgbò igi kan níbi tó ga díẹ̀. Lójijì àwọn kan ti ara wọn lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo sì rí i tó ń bọ̀. Mo rí i lóòótọ́. Orí àwọn èèyàn ń fún pọ̀ ó ń tú, ó ń fún pọ̀ ó ń tú, ó ń sún mọ́ odò, ẹni tí wọ́n bá ti lù, á tẹ̀ síwájú, á lu ẹni iwájú ẹ̀, á sì padà sáyè ẹ̀, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó wà níwájú pátápátá, kò sẹ́ni tó wà níwájú ìyá yẹn tí wọ́n lè lù mọ́, ni ẹsẹ̀ wọn bá wọ omi dé orúnkún. Wọ́n yíjú padà, wọ́n ń bú ọkùnrin tó wà lẹ́yìn wọn. Ọkùnrin yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹni tó ti èèyàn wà lọ́hùn-ún lẹ́bàá ojú ọ̀nà, kò tiẹ̀ rí odò rárá.

Bí ohùn ṣe ń rìn nínú atẹ́gùn nìyẹn o, kò yàtọ̀. Fífún pọ̀ àti títú. Ìdí nìyẹn tí inú mi ò fi dùn sí àwòrán òkè àti kòtò tí gbogbo wa máa ń yà sójú pátákó tá a bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ohùn, torí ọmọ á rò pé atẹ́gùn ń jó sókè sódò bí ejò, bẹ́ẹ̀ síwájú sẹ́yìn ló ń lọ, bíi èrò Ojúbọ Ọ̀ṣun.

Màmá àgbà mi, ìyá tó bí ìyá mi, aláró ni wọ́n. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n ti re aró títí ọwọ́ wọn fi dúdú dé ìgúnpá. Tí wọ́n bá fẹ́ gbọn àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó ti gbẹ, kí ẹ̀kọ tí wọ́n fi ya iṣẹ́ sí i lè ṣí kúrò, wọ́n á di etí kan mú, wọ́n á ju ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, kókó kan á sáré láti ọwọ́ wọn gba àárín aṣọ lọ, tó bá dé ìparí aṣọ á dún pàá! Aṣọ ò kúrò lọ́wọ́ wọn. Mo máa ń dúró síbi ìparí yẹn nítorí ariwo ẹ̀ nìkan.

Àwọn ni wọ́n sọ ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú yìí dó fún mi, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, bí Láróòyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ ṣe kó àwọn èèyàn wọn kúrò ní Ìpólé nítorí omi, tí wọ́n dé etí odò yìí, tí wọ́n ń ṣán igbó láti kọ́lé, tí igi ńlá kan fi wó sínú odò, tí ohùn kan sì ti inú omi jáde pé, "Òṣó igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán." Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Òṣogbo ti wá, Òròkí ìlú aró. Èmi tí mo ti rí bí ìkòkò aró ṣe máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lẹ́yìnkùlé wa, mo bi wọ́n pé, Màmá, igi kan ṣoṣo, báwo ló ṣe fọ́ gbogbo ìkòkò? Ṣé ó ń bá wọn níkọ̀ọ̀kan ni? Wọn ò gbé ojú sókè kúrò lórí aṣọ tí wọ́n ń rì bọ aró. Wọ́n ní, "Ṣé inú omi kan náà kọ́ ni gbogbo wọn wà ni?"

Inú omi kan náà. Mo gbọ́ ọ, mo lọ ṣeré tèmi.

Mi ò sọ pé físíìsì lè tú ìtàn òrìṣà o, ohun tó jẹ́ ti Ọ̀ṣun, ti Ọ̀ṣun ni, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé obìnrin tí ò wọ ilé ìwé rí mọ̀ pé igi ò ní láti kan ìkòkò kó tó fọ́ ọ, níwọ̀n ìgbà tí nǹkan kan bá ti so igi àti ìkòkò pọ̀. Omi tí gbogbo wọn jọ wà nínú ẹ̀, ẹni tó bá lu apá kan ẹ̀ ti lu gbogbo wọn. Ẹ wo àwọn tó ń fi nǹkan abúgbàù pẹja láwọn ibì kan, ìwà ìkà ni, ṣùgbọ́n ẹ wò ó: nǹkan yẹn á bú ní ibì kan, ẹja tó wà lọ́nà jíjìn sí i, tí iná ò kàn, tí afọ́kù ò bà, á léfòó, ikùn ẹ̀ ti fọ́ nínú. Inú ẹja ní àpò kékeré kan tí atẹ́gùn wà nínú ẹ̀, òun ló fi ń léfòó, tí ìgbì yẹn bá gba ara ẹ̀ kọjá, àpò yẹn ló máa ń kọ́kọ́ bẹ́. Kò sí ohun tó fọwọ́ kàn án àyàfi omi tó ti ń wẹ̀ nínú ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i.

Mo gbọ́dọ̀ yà síbì kan díẹ̀, torí mo ti rí àwọn ọmọ tó da nǹkan méjì yìí pọ̀. Odò tó ń ṣàn yàtọ̀ sí ìgbì. Ọ̀ṣun ti apá Ìgèdè-Èkìtì wá, ó ń lọ títí dé ọ̀sà ní apá Lẹ́kìí, omi yẹn fúnra ẹ̀ ló ń rìn, ohun tó bá sì wà nínú ẹ̀ á bá a rìn. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ní apá Ìjẹ̀ṣà da amọ̀ àti ìdọ̀tí sómi, omi wa níhìn-ín pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi tí àwọn èèyàn ń bù mu nígbà ọdún. Ìyẹn kì í ṣe ìgbì. Ìdọ̀tí yẹn gan-an ló rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá dúró lórí afárá tí mo ń wò ó, mo sì máa ń rò ó pé ìbá ṣe pé ìgbì ni, ìbá ti kọjá, omi ìbá sì padà sí bó ṣe wà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ohùn. Àwọn onílù wa mọ nǹkan púpọ̀ tí wọn kì í pè ní físíìsì. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi bo ojú dùndún, wọ́n fi ọṣán so ojú méjèèjì pọ̀, tí onílù bá fún ọṣán, awọ á le, á máa gbọ̀n léraléra sí i, ohùn á lọ sókè, tó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀, ibẹ̀ ni ìlù ti rí àmì ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹgọ́ lu awọ, awọ ti atẹ́gùn tó wà níwájú ẹ̀, atẹ́gùn yẹn ti èyí tó tẹ̀lé e, ó di etí ẹ. Ìwọ̀n mítà 343 ló ń lọ láàárín sẹ́kọ́ńdì kan tí ooru ọjọ́ náà bá wà ní 20 díìgírì, ìyẹn lé ní kìlómítà 1,200 ní wákàtí kan. Ẹ rò ó wò. Kò sí ìjì kankan láyé yìí tó sáré tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé atẹ́gùn ibi ìlù fúnra ẹ̀ ló ń rìn wá bá wa, ìyáàlù kan ṣoṣo á ti wó Òṣogbo palẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn á dúró síwájú onílù, gèlè orí ẹ̀ ò ní mì. Atẹ́gùn ò kúrò níbi tó wà, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló dé.

Ní ọdún díẹ̀ tó kẹ́yìn ayé wọn, etí Màmá àgbà di. Ó di pátápátá, èèyàn á pariwo títí, wọ́n á kàn máa rẹ́rìn-ín síni. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tí àwọn onílù bá ń kọjá lọ níwájú ilé wa, wọ́n á ní ká gbé àga wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn àbáwọlé, ilẹ̀kùn pákó àtijọ́ ni, ó fẹ̀, wọ́n á ní ká pa á dé. Wọ́n á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sára ẹ̀. Tí a bá ní ká ṣí i kí wọ́n lè máa wò wọ́n, wọ́n á ní rárá, ẹ fi sílẹ̀, mò ń gbọ́ wọn. Orí wọn á sì máa mì díẹ̀díẹ̀, lórí ìlù gan-an, kì í yẹ̀.

Mo rò pé ìrántí ìlù àtijọ́ ni wọ́n ń jó sí. Lọ́dún kan mo fi ọwọ́ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, mo di etí mi. Ó wà níbẹ̀. Gúdúgúdú ò fi bẹ́ẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ìyáàlù ń kì kì kì nínú pákó yẹn bí ìgbà téèyàn fọwọ́ kan àyà ẹni tó sáré. Ìlẹ̀kùn ti di awọ. Ohun tí kọ̀ǹgọ́ fún awọ, awọ fún atẹ́gùn, atẹ́gùn fún pákó, pákó fún ọwọ́ màmá arúgbó tí aró ti kun. Kò séyìí tó kúrò láyè ẹ̀ nínú gbogbo wọn.

Irin tún wá yàtọ̀. Ọdún 1907 ni réluwéè dé Òṣogbo, nígbà tí a wà lọ́mọdé, àwọn ẹ̀gbọ́n tó ń gbé apá Station máa ń lẹ etí mọ́ irin láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń bọ̀, ẹnikẹ́ni má lọ dán an wò o, ẹ̀mí ò láàrọ̀. Nínú irin, ohùn ń lọ ní nǹkan bíi mítà 5,000 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, tí ọkọ̀ bá ṣì wà ní kìlómítà méjì, ohùn ẹ̀ máa lò tó sẹ́kọ́ńdì mẹ́fà kó tó gba atẹ́gùn dé, èyí tó gba irin kò lò tó ìdajì sẹ́kọ́ńdì. Yàtọ̀ sí yíyára, irin kì í fi nǹkan ṣòfò. Èyí tó gba atẹ́gùn ń pín ara ẹ̀ fún gbogbo ayé, òkè, ọ̀tún, òsì, tó o bá fi jìn sí i ní ìlọ́po méjì, ohun tó kàn ẹ́ ti di ìdá kan nínú mẹ́rin. Èyí tó wọ irin, ọ̀nà kan náà ló ń gbà lọ.

Mo tún ronú lọ sórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní December 26, 2004. Ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun lẹ́bàá Sumatra ní Indonesia, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun gbéra, ó gbé omi orí ẹ̀ sókè. Èèyàn tó lé ní 220,000 ló kú. Láàárín agbami, ìgbì yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ga tó mítà kan, ọkọ̀ ojú omi lè wà lórí ẹ̀ kí wọ́n má mọ̀, ṣùgbọ́n ó ń sáré bíi bàálù, ó dé Somalia ní Áfíríkà ní nǹkan bíi wákàtí méje, ó sì pa èèyàn níbẹ̀. Omi Indonesia ò dé Somalia o. Omi Somalia náà ló gbéra pa àwọn ará Somalia, omi tí wọ́n ti ń pẹja nínú ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, agbára tó wọ̀ ọ́ ló ti Indonesia wá. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí èyí, ara mi máa ń bù máṣọ. Nígbà tí ìgbì bẹ́ẹ̀ bá dé ibi tí omi ò jìn mọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ á falẹ̀, ti ẹ̀yìn á bá ti iwájú, á ga, á wó, ibẹ̀ gan-an ni omi fúnra ẹ̀ wá ń sáré wọ ìlú. Torí náà, ìdáhùn tí mo fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ yẹn, pé omi ń gba abẹ́ padà, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀ fún ẹ̀bá òkun níbi tí ìgbì ti ń wó, omi tó gorí iyanrìn máa ń padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá òkun kọ́ ló ń bi mí, àárín ló ń bi mí.

Ìgbì kan wà tí ò nílò omi, tí ò nílò atẹ́gùn, ìmọ́lẹ̀ nìyẹn, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ní 1660, Robert Boyle, ọmọ Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní England, gbé aago sínú ìgò, ó ń fa atẹ́gùn inú ìgò náà jáde, ohùn aago ń lọ sílẹ̀ títí wọn ò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń rí aago náà kedere. Láàárín oòrùn àti àwa, kìlómítà mílíọ̀nù 150, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan níbẹ̀, oòrùn sì ń dé ẹ̀yìnkùlé mi láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Tí oòrùn bá ń pariwo, a ò ní gbọ́ ọ láéláé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo gbé báàfù yẹn sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sí lẹ́sìnnì. Mo kọ́kọ́ sọ fún ọmọ yẹn níwájú gbogbo wọn pé ìdáhùn tí mo fún un ò tọ̀nà, ìbéèrè ẹ̀ ló tọ̀nà. Mo ní kó ju òkúta fúnra ẹ̀. Gbogbo wọn yí báàfù ká, wọ́n ń tira wọn, ewé ń fò ó ń sọ̀kalẹ̀, ìgbì ń lọ ó ń bọ̀ láàárín etí báàfù, ó ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀, títí omi fi dákẹ́. Àwọn yòókù ti fẹ́ padà sí àga wọn. Òun ò kúrò. Ó ní, "Sà, omi ò lọ síbì kankan, mo ti rí i. Agbára tí mo fi sí i wá ńkọ́? Ó ti dákẹ́ báyìí. Ibo ló wà?"

Lọ́tẹ̀ yìí mi ò sáré dáhùn. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, a jọ ṣe é: òkúta tó wúwo tó gíráàmù 50, ká ní láti mítà kan sókè ló ti já bọ́, ìdajì júùlù agbára (júùlù ni a fi ń wọn agbára). Omi inú báàfù tó lítà 20. Bí ìgbì ṣe ń rẹlẹ̀ yẹn, omi ń ha omi lára, ìyókù lu etí báàfù, ìyókù di ariwo kékeré tí a gbọ́, tí gbogbo ẹ̀ bá sì wá di ooru nínú omi yẹn, omi á fi móoru sí i, ṣùgbọ́n kò ní tó ìdá kan nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún díìgírì kan. Kò sí ohun èlò kankan ní kíláàsì wa tó lè wọ̀n ọ́n. Mo ní ibẹ̀ ló wà, nínú omi, ó ti di ooru.

Ó wò mí, ó wo nọ́ńbà tó wà lójú pátákó. Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ sójú omi, ó fi síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ó tutù, sà."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó má tíì yọ ọwọ́ kúrò, mo sì ju òkúta mìíràn sí i.